Bí ẹ ṣe lè gbé ilé ẹbí àtijọ́ kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí iná sólà

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù ni: "Bátìrì mélòó ni kí n rà sí ilé bàbá wa?" Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun ń béèrè rẹ̀, ẹni tó ń gbé inú ilé náà gan-an n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta náà ń béèrè rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì sílẹ̀ ná. Ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1965 tàbí 1978, wọn ò fi ti inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò, kọ́ ọ. Wáyà rẹ̀ ti gbó, ikán lè ti dé igi òrùlé rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa lo kí ni. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bátìrì ló yẹ kí owó kàn gbẹ̀yìn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jókòó ti ẹbí

Ẹni tó bá gun òrùlé ilé ẹbí lọ lu ihò láì sọ fún olórí ẹbí, tàbí mọ́gàjí níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ kí iná tó tàn. Ohun tó sì ń ba sólà ilé ẹbí jẹ́ jù kì í ṣe àìsí oòrùn, fírísà ni. Wọ́n á ra inverter fún gílóòbù àti fáànù, ẹnì kan á wá gbé fírísà tó fi ń ta omi tútù lé e lórí. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo ilé ti ṣú, kálukú wá ń bú ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀:

- Yàrá wo àti ohun èlò wo ni yóò wà lórí sólà.
- Ta ló ni bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó rà wọ́n bá kó jáde, tàbí bí ẹbí bá pín ilé.
- Ta ni yóò máa san owó àtúnṣe.
- Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí bátìrì wà yóò máa wà.

Bí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní breaker tirẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí ẹrù iná bá pọ̀ jù. Breaker áńpì 6 tó fún gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ki kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ pọ̀, yàrá tirẹ̀ nìkan ni iná á ti lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Wáyà ilé

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, wáyà tí wọ́n fi kílíìpù kàn mọ́ pákó lára ògiri ló ṣì wà níbẹ̀. Rọ́bà tó bò ó ti gbẹ. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa fọ́ bí èèpo iṣu tó ti pẹ́ nínú oòrùn. NEPA tó ń wá tó ń lọ kò jẹ́ kí àléébù yẹn hàn. Sólà tó ń tàn tọ̀sán tòru á fi hàn yín, nígbà mìíràn pẹ̀lú èéfín.

1. Ẹ pa súwíìṣì ńlá, kí ẹ wá yọ fíùsì wò. Bó bá jẹ́ pé wáyà nínípọn kan ni wọ́n fi dí ojú rẹ̀, ó ti pẹ́ tí ilé yín ti wà láìsí ààbò.
2. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná yọ gbogbo ohun èlò kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì fi Megger, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá rọ́bà wáyà ṣì ń dí iná mọ́lé, wọn wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tó mẹ́gáóòmù 1, kó yọ ọ́ dànù. Oníṣẹ́ tí kò bá ní Megger, tó ní ojú lòun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn.
3. Ẹ wo wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣáko lọ sínú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní in rárá. Kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, bíi ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ẹ̀rọ ń kán sí, kí wọ́n sì fa wáyà rẹ̀ dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì.
4. Ẹ fi RCD tó ń já ní mílíáńpì 30 sí i. Òun ló máa ń pa iná nígbà tí ọmọ bá fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Fíùsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
5. Ẹ pín iná ilé sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan tí sólà yóò gbé, ọ̀kan tó jẹ́ ti NEPA nìkan. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ọ̀nà kejì ni wọ́n ń lọ.
6. Bí ẹ ṣe pín wáyà live, èyí tó ń gbé iná wọlé, ni kí ẹ pín wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, náà. Àìpín neutral ló ń mú kí inverter tuntun máa já láìnídìí, tàbí kó jóná lọ́jọ́ tí NEPA bá dé.

Tí ẹ bá ń ra wáyà tuntun: mílímítà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 tàbí 6 fún sítóòfù iná. Ẹ fi bíléèdì ha ẹnu wáyà náà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ẹ dá a padà fún wọn.

Ìkìlọ̀: Bí ẹ bá ń lo wáyà olórí méjì tó ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gbé iná jẹnẹrétọ̀ wọlé, ẹ gé e sí méjì lónìí. Iná yẹn lè gba inú mítà padà sójú ọ̀nà, kó sì pa ẹni tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dín ohun tí ilé ń jẹ kù

Owó gílóòbù LED kéré sí owó bátìrì. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60 ń jẹ 600. LED mẹ́wàá oníwáàtì 9 ń jẹ 90. Ilé kì í ṣókùnkùn sí i.

Fíríìjì màmá ló kàn. Ẹ fi bébà sáàárín ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ wá fa bébà náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti kú, kò sì sí ìgbà tí mọ́tò fíríìjì náà kò ní máa ṣiṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Bí fíríìjì náà bá ti lé lógún ọdún, owó tí ẹ bá fi ra tuntun oní-inverter (èyí tí mọ́tò rẹ̀ máa ń dín iná tó ń jẹ kù fúnra rẹ̀) yóò dín iye bátìrì tí ẹ nílò kù. Fáànù tí kò yí dáadáa mọ́, tó ń gbóná, ẹ má gbé e wá sórí sólà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣirò

Yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Yúnìtì 1 ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Àpẹẹrẹ ilé oníyàrá márùn-ún rèé:

- Gílóòbù 10, wáàtì 9, wákàtí 6: 540
- Fáànù 4, wáàtì 70, wákàtí 8: 2,240
- Tẹlifíṣọ̀n 1, wáàtì 60, wákàtí 6: 360
- Fíríìjì 1, wáàtì 120, tí mọ́tò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10: 1,200
- Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì: 160

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500, ìyẹn yúnìtì 4.5 lójúmọ́. Díẹ̀ máa ń ṣòfò nínú wáyà, inverter àti bátìrì, nítorí náà ẹ pín in fún 0.8. Ó di nǹkan bíi yúnìtì 5.6.

Pánẹ́ẹ̀lì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn tó lágbára dáadáa fún nǹkan bíi wákàtí 4 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ẹ má kà ju 2.5 lọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ fi ṣírò. Pánẹ́ẹ̀lì 4 oníwáàtì 550 jẹ́ 2,200; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, ó jẹ́ yúnìtì 5.5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.6 náà, kò sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé pánẹ́ẹ̀lì 3 ti tó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rò.

Bátìrì. Ohun tí ẹ ń lò lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ nìkan ni kí ẹ kà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, gbogbo gílóòbù, gbogbo fáànù, àti ìdajì àwọn yòókù: nǹkan bíi yúnìtì 3.6. Bátìrì lithium kan tó gba yúnìtì 5 gbé e, nítorí ẹ lè lo ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Tubular, ìyẹn bátìrì olómi tó ní òjé nínú, tó jẹ́ 220Ah oní-12 fólítì gba yúnìtì 2.6, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ìṣirò ní mẹ́ta tó, àmọ́ méjì méjì ni wọ́n ń so wọ́n pọ̀ fún inverter oní-24 fólítì, mẹ́rin mẹ́rin fún oní-48, nítorí náà mẹ́rin lẹ máa rà.

Inverter. Ẹ ka àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, kò ju 600 wáàtì lọ, àmọ́ fíríìjì máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra. 3.5kVA tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó fa omi kànga pẹ̀lú ẹ̀rọ 1HP, ẹ lọ sí 5kVA, kí ẹ sì máa fa omi náà lọ́sàn-án.

## Ìgbésẹ̀ 5: Òrùlé

Pánẹ́ẹ̀lì 550 kan wúwo ju kílò 25 lọ. Mẹ́rin pẹ̀lú irin tó gbé e lé ní ọgọ́rùn-ún kílò, ìjì sì máa ń fẹ́ gbé e sókè.

1. Kí káfíńtà wọ inú àjà, kó fi sukudiráfà gún igi òrùlé. Ibi tó bá wọlé láìjanpata, ikán ti jẹ ẹ́. Igi tuntun ni, kó tó kan pánẹ́ẹ̀lì.
2. Ẹ wo páànù. Èyí tó ti dípẹtà débi pé ẹ ń rí ọ̀run, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ ò ní fẹ́ sanwó láti tú pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ torí páànù.
3. Ẹ dúró sí àgbàlá ní aago 9 àárọ̀, 12 ọ̀sán, àti 3 ìrọ̀lẹ́. Igi máńgòrò, táǹkì omi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò: ibi tí òjìji wọn bá dé kọ́ ni pánẹ́ẹ̀lì ń lọ. Òjìji lórí ẹyọ kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn.
4. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ fún onílé asbestos: Ọ̀pọ̀ ilé àkókò yẹn ní asbestos lórí tàbí ní àjà. Ẹ má lu ihò sí i, ẹ má gé e, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó bá ti fọ́. Eruku rẹ̀ máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í fara hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún fi kọjá. Ẹ ṣe férémù irin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgbàlá, tàbí kí ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí dẹ́kìn ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọjà rírà

Ẹ mú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ sí ìsọ̀. Ẹ wọn gígùn àti ìbú pánẹ́ẹ̀lì ní mítà, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 230. Wáàtì pánẹ́ẹ̀lì ọjà òní kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju iye yẹn lọ. Èyí tó gùn ní mítà 2.28, tó fẹ̀ ní 1.13, lè jẹ́ 550 lóòótọ́. Èyí tó jẹ́ ìdajì ìyẹn, tí wọ́n lẹ bébà 550 mọ́ lẹ́yìn, bébà lẹ rà.

Pánẹ́ẹ̀lì tòkúnbọ̀ kò burú bí owó bá há, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sóòrùn, kí wọ́n fi mítà wọn fólítì àti áńpì rẹ̀ lójú yín. Bátìrì tòkúnbọ̀ ní tirẹ̀, ẹ má dán an wò.

Lithium tàbí tubular? Bí owó bá wà, lithium ni mo máa ń sọ. Kì í mu omi, kì í rùn, ó sì ń pẹ́ ju tubular lọ dáadáa. Tubular dára fún ilé tí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò máa bojú tó o. Ní ilé ẹbí, ẹni yẹn kì í sábà wà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé:

- Fólítì bátìrì àti ti inverter bára mu: 24 pẹ̀lú 24, 48 pẹ̀lú 48.
- Inverter lè gba fólítì pánẹ́ẹ̀lì yín. Pánẹ́ẹ̀lì 550 kan ń mú nǹkan bíi 50 fólítì wá. Tí ẹ bá to mẹ́rin tẹ̀léra, ó di 200. Inverter tí wọ́n kọ 145 sí lára máa jóná lójú ẹsẹ̀.
- Wọ́n kọ pure sine wave sí ara inverter, ìyẹn ni pé iná rẹ̀ ń ṣàn geere bíi ti NEPA.
- Ìwé ẹ̀rí àtúnṣe wà, orúkọ ìsọ̀ sì wà lórí ìwé owó.

## Ìgbésẹ̀ 7: Síso ó pọ̀

Oníṣẹ́ ni yóò ṣe èyí, àmọ́ ẹ dúró tì í, kí ẹ mọ bó ṣe ń tẹ̀léra.

1. Bátìrì kọ́kọ́ wọ inverter, lẹ́yìn náà ni pánẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á, pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ já.
2. Breaker DC (ti irú iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wá) gbọ́dọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti inverter, òmíràn láàárín bátìrì àti inverter. Breaker inú ilé lásán kò lè pa iná DC. Á máa tan iná nínú ara rẹ̀ títí á fi yọ́.
3. Ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá gbọ́dọ̀ wà, kó sì so mọ́ earth.
4. Kí wọ́n yan irú bátìrì tó wà níbẹ̀ nínú inverter. Bátìrì lithium tí wọ́n fi sí orí tubular kì í pẹ́ bàjẹ́.
5. Kí wọ́n tò ó kó máa lo oòrùn ṣáájú, bátìrì tẹ̀lé e, NEPA ní ìkẹyìn. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá wà lórí Band A (ìlà tí wọ́n ní kó máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́), níbi tí ìjọba ti gbé yúnìtì kan sí náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024.
6. Ẹ jẹ́ kí inverter máa ṣiṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì ńlá NEPA, kí wọ́n wọn ẹnu wáyà tó ti ibi súwíìṣì náà lọ sínú inverter. Kò gbọdọ̀ sí iná kankan níbẹ̀; bó bá wà, inverter ń rán iná padà sójú ọ̀nà.

Ibi tí bátìrì yóò wà: kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn, kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn tí ẹ ń kó sílíńdà gáàsì sí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tí oòrùn kì í pa, tó ga kúrò nílẹ̀ bí àgbàrá bá máa ń wọlé. Tubular tó ń gba iná máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè bú gbàmù jáde. Ẹ má gbé fìtílà tàbí sìgá dé ibẹ̀.

## Ilé ìdáná ńkọ́?

Ẹ má tíì ta sílíńdà gáàsì. Sítóòfù induction kan, èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì mú ìkòkò gbóná, lè jẹ wáàtì 2,000. Bátìrì àpẹẹrẹ wa yìí kò lè gbé e fún alẹ́. Bí ẹ bá ní NEPA tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ fi sí ọ̀nà NEPA. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa fi dáná láàárín aago 11 sí 2, nígbà tí oòrùn wà lójú pánẹ́ẹ̀lì, bí inverter yín bá jẹ́ 5kVA. Ohun tí mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀wà ni ìkòkò alágbára oníná (pressure cooker): nǹkan bíi wáàtì 1,000 ni, ó sì máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná tó.

Induction kò mọ ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù tí màmá fi ń ro àmàlà. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ìdí ìkòkò. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní gbóná.

## Bí owó kò bá tó lẹ́ẹ̀kan

- Ọdún àkọ́kọ́: wáyà, earth, LED. Èyí nìkan ti dín owó NEPA kù, ó sì ti lé ewu iná jìnnà.
- Lẹ́yìn náà: inverter tó tóbi tó ti ọjọ́ iwájú, bátìrì lithium kékeré kan, pánẹ́ẹ̀lì 2. Ẹ bi olùtajà bóyá bátìrì náà ṣe é fi ìkejì kún.
- Tubular kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má so tuntun pọ̀ mọ́ èyí tó ti lo ọdún méjì; èyí tó gbó yóò fa tuntun lulẹ̀.
- Bó bá jẹ́ màmá nìkan ló wà nílé, àpótí iná kékeré tó ní bátìrì àti inverter nínú, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì kan, tó fún gílóòbù, fáànù àti fóònù. Kò nílò kí ẹ fọwọ́ kan wáyà ilé rárá.

Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí òjò ọdún kan yóò fi kọjá lórí sólà náà. Ìta gbangba ni kó máa wà, kì í ṣe bàràńdà, kì í ṣe ẹnu wíńdò. Èéfín rẹ̀ ti pa gbogbo ará ilé mọ́ ojú oorun rí, kì í ṣe ní ibì kan ṣoṣo.

## Ìtọ́jú

- Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu pánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ní ìdájí kó tó gbóná. Ẹ má gun orí rẹ̀.
- Ẹ máa wo omi tubular lóṣooṣù. Omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe pure water, kì í sì í ṣe omi òjò.
- Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí oníṣẹ́ pa gbogbo rẹ̀, kó fún àwọn nọ́ọ̀tì ẹnu bátìrì le. Nọ́ọ̀tì tó tú díẹ̀ ló ń gbóná tó ń yọ́ rọ́bà wáyà.
- Tubular tó bá ti kú, ẹ má da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Òjé wà nínú rẹ̀. Ìsọ̀ tí ẹ ti fẹ́ ra tuntun sábà máa ń gbà á, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú èyí tí ẹ fẹ́ san. Odidi ni kí ẹ gbé e lọ, ní ìdúró.